Ta ni kí n gbé iṣẹ́ ilé mọ́tò fún ní Ìlọrin?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé wa wà ní Tanke, ó sì ti pẹ́ tí a ti ń gbé inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìta ni mọ́tò wa méjèèjì ń sùn. Oòrùn ti bó ọ̀dà ara wọn. Bàbá àwọn ọmọ ti fẹ̀yìn tì, owó díẹ̀ sì wọlé, ni a bá ní ká kọ́ ilé mọ́tò sínú ọgbà, kó dá dúró, kó má lẹ̀ mọ́ ilé tí a ń gbé. Àwọn mẹ́ta ti wá wo ibẹ̀. Iye tí ẹni àkọ́kọ́ pè fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì iye tí ẹnì kejì pè. Ẹnì kẹta jẹ́ ọmọ àbúrò bàbá àwọn ọmọ, òun ní ká kó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó náà wá kí òun tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ owó ìfẹ̀yìntì mọ́ wa lọ́wọ́. Báwo la ṣe máa mọ ẹni tó ṣeé fọkàn tán?

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ìrójú. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ fèsì sí ibi tó gbóná jù: ẹ má san ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin fún ẹnikẹ́ni kó tó fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹbí, ìbáà jẹ́ ẹni tí ẹ jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan náà. Kì í ṣe pé mo pe ọmọ yẹn lólè o. Ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí ni pé ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe ló ní iṣẹ́ mìíràn nílẹ̀ tí owó rẹ̀ ti tán. Owó yín ló máa fi kan òrùlé ẹni tó ń pariwo lé e lórí ní Ganmọ. Owó ẹlòmíì tó bá tún rí ló máa fi bẹ̀rẹ̀ tiyín. Bí ẹlòmíì ọ̀hún ò bá yọjú, iṣẹ́ yín á dúró sí ìpìlẹ̀, koríko á hù níbẹ̀. Tí ẹ bá pè é, á ní “Màmá, ẹ ṣe sùúrù, in sha Allah a ó parí ẹ kí Iléyá tó dé.” Kò sì purọ́, kò kàn sọ Iléyá ọdún wo ni.

Àwọn èèyàn máa ń wá olóòótọ́ kiri. Olóòótọ́ wà, ṣùgbọ́n a kì í kà á níwájú orí ẹnikẹ́ni. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ yín ni bí ẹ ṣe máa to iṣẹ́ náà: kí owó máa tẹ̀ lé iṣẹ́, kí ohun èlò wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ yín, kí ẹ sì ti mọ iye tó yẹ kó lọ kí wọ́n tó béèrè rẹ̀. Bí ẹ bá ti to ó báyẹn, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò mọ́ á fúnra rẹ̀ sọ pé òun ò ráyè. Àwọn tó bá ṣẹ́ kù la lè wá yẹ̀ wò bóyá wọ́n mọ iṣẹ́.

Ẹ ní iye tí wọ́n pè jìnnà síra. Kò yà mí lẹ́nu rárá, nítorí ilé tí ọ̀kan ń sọ kọ́ ni èkejì ń sọ. Ẹnì kan lè ti ro búlọ́ọ̀kù 9 ínṣì yíká, òpó kọnkéré, páànù tó nípọn. Ẹnì kejì ro búlọ́ọ̀kù 6 ínṣì, kò ro òpó kankan, ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ yanrìn tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò lójú. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n, àwọn náà ò sì sọ. Nítorí náà, kí ẹ tó tún pe ẹnikẹ́ni, ẹ bá ayàwòrán ilé kan tàbí ẹnjiníà kan sọ̀rọ̀, kó ya ilé náà sórí ìwé, kó kọ ohun èlò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: iye búlọ́ọ̀kù, bí irin ṣe nípọn tó, iye àpò sìmẹ́ńtì, irú pákó, irú páànù. Owó tó máa gbà kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó máa bá yín kó yọ. Ìwé kan náà ni kí ẹ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí wọ́n kọ iye sí iwájú ohun kọ̀ọ̀kan. Ìgbà yẹn lẹ ó tó mọ ẹni tó gbówó lé e àti ẹni tó fẹ́ bu iṣẹ́ kù.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀ kó lè wà lọ́wọ́ yín. Ilé tó máa gba mọ́tò méjì kò yẹ kó kéré sí 20 fíìtì ní 20 fíìtì. Mo ti rí èyí tí wọ́n ṣe ní 16. Mọ́tò méjèèjì wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó wà á wọlé ò rí ilẹ̀kùn ṣí. Bí ògiri bá ga tó 10 fíìtì, tí ẹnu géètì méjì sì wà níwájú, ògiri tó máa gba búlọ́ọ̀kù lókè ilẹ̀ á jẹ́ nǹkan bíi 60 mítà níbùú lóròó. Mítà kan níbùú lóròó ń gba búlọ́ọ̀kù bíi 10, 600 nìyẹn. Ẹ fi ìlà mẹ́ta inú ìpìlẹ̀ kún un, bíi 160, ẹ fi èyí tó máa fọ́ kún un. Kò yẹ kó ju 800 sí 850 lọ. Bí ẹnì kan bá wá kọ 1,400, ẹ fún un ní àga, kó jókòó, kó ṣàlàyé. Bákan náà ni ilẹ̀ inú rẹ̀: kọnkéré tó nípọn ní ínṣì 5, tí wọ́n pò ní ìwọ̀n sìmẹ́ńtì kan sí yanrìn méjì sí òkúta mẹ́rin, á jẹ sìmẹ́ńtì bí àpò 30. Ẹni tó kọ àpò 12 kò ní da kọnkéré tó lè gbé mọ́tò. Ẹni tó kọ àpò 60, ẹ̀yin náà mọ ibi tí ìdajì rẹ̀ ń lọ.

Ẹ tún rántí ọjọ́ tí wọ́n wá wo ilẹ̀. Kí ni wọ́n bi yín? Mo gbẹ́kẹ̀ lé èyí ju ìwé ẹ̀rí lọ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á béèrè ibi tí sọ́kàwéè àti kòtò ìgbẹ́ yín wà, nítorí bí ó bá gbé ògiri lé e lórí, ògiri yẹn á sọ̀ kalẹ̀, ẹ ò sì ní rí ibi fa kòtò náà mọ́ lọ́jọ́ tó bá kún. Á béèrè ibi tí omi òjò ń gbà jáde nínú ọgbà. Á gbójú sókè wo bóyá wáyà iná IBEDC gba ibẹ̀ kọjá. Á wo ẹnu géètì ńlá, á wo bí mọ́tò ṣe máa yí kó tó kọjú sí ilé náà, nítorí ọ̀pọ̀ ilé mọ́tò tó rẹwà ló wà tí wọn ò lè wọ̀ láìtún ọkọ̀ yí lẹ́ẹ̀mẹta. Á bi yín pé mọ́tò wo lẹ ń lò, ṣé ẹ ní jíìpù, ṣé ẹ máa ń di ẹrù sórí rẹ̀ tí ẹ bá ń lọ sílé. Ẹni tó kàn fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ tó sì pe owó, kò wá wo ilẹ̀. Ẹ̀yin ló wá wò.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní kí ó mú yín lọ wo iṣẹ́ rẹ̀ méjì: ọ̀kan tó ń lọ lọ́wọ́, àti ọ̀kan tó ti pé ọdún méjì ó kéré tán. Fọ́tò orí fóònù kò kà. Fọ́tò ilé kan náà lè wà lórí fóònù bíríkìlà tó pọ̀. Mo ní ọdún méjì nítorí ìjì. Ẹ̀yin náà mọ bí òjò ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ṣe máa ń wọ Ìlọrin, láti ìparí oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, tí atẹ́gùn á ṣáájú omi, tí páànù á máa fò lórí ilé bí ìwé. Òrùlé tó ti rí ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì tí kò mira, ó ti jẹ́rìí fún ẹni tó kàn án.

Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ má wo ọ̀dà. Ọ̀dà ni wọ́n fi ń tan èèyàn jẹ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ ògiri, níbi tó ti pàdé ilẹ̀. Bí ọ̀dà ibẹ̀ bá wú tó ń bó, tí funfun bí iyọ̀ sì yọ lára rẹ̀, omi ń gun ògiri láti ìpìlẹ̀ nìyẹn, wọn ò tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ kọnkéré. Ẹ wo igun òkè ẹnu géètì: bí ìlà kan bá là gùn lọ sókè láti igun yẹn, igi kọnkéré tó wà lókè géètì kò jókòó dáadáa lórí ògiri, tàbí irin inú rẹ̀ kò tó. Ẹ tọrọ abọ́ omi kan, ẹ dà á sílẹ̀ nínú ilé mọ́tò náà, kí ẹ wo ibi tó ń ṣàn sí. Ẹnu géètì ló yẹ kó lọ. Bí ó bá dúró sí àárín, tàbí tó lọ bá ògiri ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ náà ni tiyín á rí. Ẹ fi ọwọ́ kan ti géètì náà pa. Bí ó bá ń fà nílẹ̀, òpó ti sún. Kí ẹ tó jáde, ẹ wọnú, ẹ ní kí wọ́n pa géètì, kí ẹ gbójú sókè. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ bí ojú abẹ́rẹ́, ibẹ̀ lòjò ń gbà.

Ẹ wá bá onílé náà sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀, kí agbaṣẹ́ṣe má sí níbẹ̀. Ẹ má bi í pé “ṣé ó ṣiṣẹ́ dáadáa?” Gbogbo èèyàn ló máa ní “ó gbìyànjú”. Ẹ bi í bóyá owó yí padà nígbà tí iṣẹ́ dé àárín, àti bóyá àwọn òṣìṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n parí rẹ̀ tàbí wọ́n ń pààrọ̀ wọn bí ẹní pààrọ̀ aṣọ. Èyí tó ṣe pàtàkì jù: lẹ́yìn tó ti gba gbogbo owó rẹ̀ tán, tí nǹkan kan bàjẹ́, ṣé ó padà wá nígbà tí wọ́n pè é? Ẹni tó padà wá lẹ́yìn owó, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹlẹ́rìí mìíràn wà tí àwọn èèyàn kì í rántí. Ẹ lọ bá àwọn tó ń ta sìmẹ́ńtì àti irin ní àdúgbò yín, àti ẹni tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù. Wọ́n mọ ẹni tó ń ra nǹkan lórúkọ iṣẹ́ kan tó sì ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. Wọ́n mọ ẹni tó jẹ wọ́n ní gbèsè láti ọdún èṣín. Ẹni tí ọlọ́jà sìmẹ́ńtì ò lè fi àpò mẹ́wàá sílẹ̀ fún di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin náà ẹ má fi owó ìfẹ̀yìntì sílẹ̀ fún un.

Ní ti ìwé, ẹ béèrè o, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó pa yín lójú. Ìwé CAC ń sọ pé orúkọ ilé-iṣẹ́ náà wà nínú àkọsílẹ̀ ìjọba, ẹ sì lè yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sọ pé ẹni náà mọ búlọ́ọ̀kù tò. Bí ẹnì kan bá pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà, COREN ló ń forúkọ wọn sílẹ̀. Bí ó bá pe ara rẹ̀ ní bíldà, CORBON ni. Ẹ ní kó fún yín ní nọ́ńbà rẹ̀. Bíríkìlà àtàtà tí kò ní nọ́ńbà kankan pọ̀ ní Ìlọrin, mi ò ní torí ìyẹn lé wọn. Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ohun tí kò jẹ́ ni mo máa ń sá fún.

Ohun èlò wá ńkọ́? Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ̀yin àti bàbá ra ohun èlò fúnra yín, kí ẹ san owó iṣẹ́ ọwọ́ nìkan fún agbaṣẹ́ṣe. Wàhálà wà nínú rẹ̀, ẹ máa lọ sọ́jà, ẹ máa dúró de típà. Ṣùgbọ́n bàbá ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ráyè, ilé mọ́tò kan kì í sì í ṣe ilé ìtura. Bí ẹ bá ń rà á, ibi mẹ́ta ni wọ́n ti máa ń rẹ́ èèyàn jẹ.

Àkọ́kọ́ ni irin. Ọ̀pá irin 12 mílímítà tó pé, tó gùn ní mítà 12, máa ń wọn kílò 10 àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Èyí tí wọ́n ń fi orúkọ 12 tà tí kò tó bẹ́ẹ̀ kún ọjà rẹpẹtẹ, ojú lásán ò sì lè mọ̀ ọ́n. Ẹ ká márùn-ún, ẹ so wọ́n pọ̀, ẹ gbé wọn lọ bá àwọn tó ń ra irin àlòkù, wọ́n ní òṣùwọ̀n. Ó yẹ kí márààrún súnmọ́ kílò 53. Bí wọn ò bá tó 50, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Lọ́jọ́ tí agbaṣẹ́ṣe bá rí yín níbi tí ẹ ti ń wọn irin, ọ̀nà tó fi ń bá yín sọ̀rọ̀ á yí padà.

Ìkejì ni búlọ́ọ̀kù. Àpò sìmẹ́ńtì kan kò yẹ kó ṣe ju búlọ́ọ̀kù 9 ínṣì 25 sí 30 lọ. Àwọn kan ń fi ṣe 40 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á wá fi ọ̀rọ̀ dídùn tà á. Ẹ fi ìṣó ya ara rẹ̀: bí ó bá ń dà sílẹ̀ bí gààrí, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ gbé ọ̀kan dé ìbàdí, ẹ jù ú sílẹ̀ lórí ilẹ̀pa. Èyí tó dára lè ya létí, kò ní tú ká. Bí àyè bá wà nínú ọgbà yín, ẹ pe ẹlẹ́rọ wá kó ṣe é níbẹ̀, kí ẹ̀yin ka àpò sìmẹ́ńtì tó ṣí. Kí wọ́n sì máa fi omi rin ín ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, ó kéré tán fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ìkẹta ni sìmẹ́ńtì fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà kan wà lára àpò. Láti ọdún 2014 ni SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojúlówó ọjà, ti là á sílẹ̀ pé 32.5 wà fún ògiri rírẹ́, 42.5 ni kí a fi da kọnkéré, kí a fi ṣe búlọ́ọ̀kù. Ẹ wo nọ́ńbà yẹn kí ẹ tó sanwó. Páànù náà ní ìnípọn tirẹ̀: mílímítà 0.45 àti 0.55 kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, kí ẹ kọ èyí tí ẹ fẹ́ sínú àdéhùn. Pákó, ẹ lọ rà á ní sáwùmì, kí káfíńtà bá yín lọ, kí wọ́n sì fi oògùn ikán pa á kó tó gun òkè.

Mo ní láti dúró díẹ̀ lórí òpó géètì, nítorí ibẹ̀ ni ilé mọ́tò ti yàtọ̀ sí yàrá lásán. Wọ́n pè mí sí ọ̀kan ní Gáà-Akanbí tí géètì rẹ̀ ti wó tòun ti búlọ́ọ̀kù. Bíríkìlà ti parí iṣẹ́ rẹ̀, ó gbowó, ó lọ. Wẹ́dà wá gbé géètì onírin tó wúwo dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ó gbẹ́ ihò sí ara búlọ́ọ̀kù oníhò, ó fi sìmẹ́ńtì lẹ irin ìdè mọ́ ọn. Géètì ń ṣí, ó ń pa, ó ń mi ògiri díẹ̀díẹ̀, títí búlọ́ọ̀kù fi já. Bíríkìlà ní ẹ̀bi wẹ́dà ni, wẹ́dà ní ẹ̀bi bíríkìlà ni, onílé ló sanwó lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ ni pé kí òpó kọnkéré wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì ẹnu géètì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú irin 12 mẹ́rin nínú rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ dókè, kí wẹ́dà sì ti jó irin ìdè mọ́ irin inú òpó kí wọ́n tó da kọnkéré. Ìyẹn ni pé wẹ́dà àti bíríkìlà gbọ́dọ̀ pàdé ṣáájú. Ẹ bi agbaṣẹ́ṣe tí ẹ bá fẹ́ lò pé: ìgbà wo ni wẹ́dà ń wá? Bí ó bá ní “tí a bá ti parí”, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn.

Owó iṣẹ́ ọwọ́, ẹ pín in sí ìpele tí ojú rí. Fún un ní ìdá kan nínú mẹ́wàá kó fi kó àwọn lébìrà àti irinṣẹ́ rẹ̀ dé. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbowó mọ́ títí ìpìlẹ̀ fi jáde kúrò nílẹ̀. Òmíràn tí ògiri bá dé òkè ẹnu géètì. Òmíràn tí òrùlé bá wà lórí. Òmíràn tí wọ́n bá rẹ́ ẹ tán tí ilẹ̀ sì gbẹ. Ìdá kan nínú mẹ́wàá tó kẹ́yìn, ẹ dì í mú títí òjò ńlá kan ó fi rọ̀ lé e lórí. Á bínú díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó bínú, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ kó má dà bíi pé ẹ fẹ́ yàn án jẹ. Bí ẹ bá sì pinnu pé kí agbaṣẹ́ṣe ra ohun èlò, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ni òpin ohun tí mo lè gbà pé kó kọ́kọ́ gbà, kí ohun tí ó bá fi rà sì wọ ọgbà yín kí ẹ tó san òmíràn. Rísíìtì nìkan ò tó. Rísíìtì kì í gbé ilé ró.

Ìwé àdéhùn náà, ẹ má jẹ́ kó gùn. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá bó bá jẹ́ ìyẹn ni gbogbo yín máa lóye jù. Kí ó sọ bí ilé náà ṣe tóbi tó, ohun èlò tí ẹ ti kọ sílẹ̀, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí, ìpele owó. Kí ó tún sọ àwọn ohun kéékèèké tó máa ń dájà sílẹ̀: ta ló ń sanwó omi, nítorí kànga lè gbẹ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn kí ẹ wá máa ra omi tánkà, ta ló ń kó ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ dànù, ta ló ń tọ́jú lébìrà tó bá fara pa, ta ló ń tún un ṣe bí wọ́n bá fọ́ páìpù yín. Ẹlẹ́rìí ìhà kọ̀ọ̀kan kó fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí tiyín má jẹ́ ẹni tó mú agbaṣẹ́ṣe náà wá.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn Town Planning. Ilé mọ́tò inú ọgbà jẹ́ ilé lójú òfin, ó nílò àṣẹ, ó sì ní bó ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí ògiri aládùúgbò tó. Ẹ mú àwòrán yẹn lọ bá wọn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe tó bá ní “ẹ fi wọ́n sílẹ̀, mo mọ̀ wọ́n”, ẹ rántí pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé pẹ̀lú ọ̀dà pupa, ara ògiri yín ni wọ́n máa kọ ọ́ sí.

Àsìkò tó dára jù láti bẹ̀rẹ̀ ni oṣù kọkànlá, kí òrùlé lè wà lórí kí ìjì oṣù kẹta tó dé. Ọyẹ́ lòdì sí sìmẹ́ńtì o: atẹ́gùn rẹ̀ máa ń fa omi inú kọnkéré àti ara ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ kíákíá, ni ó fi ń sán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ẹ bo kọnkéré pẹ̀lú àpò tí ẹ rẹ sínú omi, kí ẹ máa rin ín fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń da kọnkéré ilẹ̀, ẹ má lọ ibì kankan. Àwọn lébìrà fẹ́ràn omi nítorí ó ń jẹ́ kó rọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kọnkéré tó bá ń ṣàn bí ẹ̀kọ mímu, kò ní lágbára. Kí yanrìn àti òkúta jẹ́ wíwọ̀n pẹ̀lú ohun kan náà, kì í ṣe pé ọ̀kan kún gọ̀gọ̀ tí èkejì sì dọ́gba. Ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ dagun díẹ̀ sí ìhà géètì.

Ohun kan tí ẹ ò bi mí rèé, mi ò sì lè ṣàìsọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ilé mọ́tò yẹn di ilé jẹnẹrétọ̀. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ti mọ́tò tí kì í rùn, tí ojú kì í sì í rí, ó sì ń pa èèyàn sójú oorun. Kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù olójú sí òkè ògiri méjì tó dojú kọ ara wọn, kí atẹ́gùn lè gba inú rẹ̀ kọjá, kí ẹ má sì jẹ́ kí mọ́tò máa ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ pẹ̀lú géètì títì.

Ó wá ku ọmọ àbúrò bàbá wọn. Mo mọ̀ pé òun gan-an ni wàhálà yín, torí àwọn méjì tó kù, ẹ lè dá wọn padà láìsí ẹjọ́. Èrò mi ni pé ẹni tí ẹ ò lè bá ṣírò owó, ẹ má gbé iṣẹ́ fún un. Bí ó bá já yín kulẹ̀, ẹ ò lè mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ìyá rẹ̀ á wá kúnlẹ̀ nínú pálọ̀ yín, ọ̀rọ̀ á sì di ìpàdé ẹbí. Ṣùgbọ́n ẹ má lé e láìfún un láyè. Kí bàbá fúnra wọn pè é, kì í ṣe ẹ̀yin, kí wọ́n má baà ní ìyàwó ló lé ọmọ àwọn. Kí wọ́n fún un ní ìwé ohun èlò tí ẹ fún àwọn yòókù, kí wọ́n sọ fún un pé ilé ló ń ra ohun èlò, pé bí iṣẹ́ bá ṣe ń dé ìpele lowó ń jáde, kí ó sì mú wọn lọ wo iṣẹ́ rẹ̀ tó ti pé ọdún méjì. Bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀, tí iṣẹ́ àtijọ́ rẹ̀ sì dára, ẹ gbé e fún un, kó fọwọ́ sí ìwé bíi ti ẹlòmíì. Bí ó bá ní ẹbí kì í kọ̀wé fún ẹbí, kí bàbá bá a ṣàdúrà, kí wọ́n fún un lówó ọkọ̀, kí ẹ sì pe èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́ yín lọ́rùn nínú àwọn méjì yòókù.